A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Bí Aráàlú Ṣe Lè Rí Ọ̀rọ̀ Sọ Nínú Ètò Ìdàgbàsókè Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ètò ìdàgbàsókè ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ìwé tí orílẹ̀-èdè fi ń sọ ibi tó fẹ́ wà ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sí àsìkò yìí. Kẹ́ńyà ní Vision 2030, tí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní 2008. Gúúsù Áfíríkà ní tirẹ̀, tí ìjọba gbà wọlé ní 2012, tí òun náà ń wo 2030. Nàìjíríà gbé Agenda 2050 jáde ní 2023. Gánà tiẹ̀ fi ogójì ọdún gbáko ṣe ìwọ̀n tirẹ̀, láti 2018 dé 2057. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí ni yóò gbé nínú ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá kọ́, tàbí nínú ohun tó bá gbàgbé láti kọ́.

Ọ̀pọ̀ aráàlú kì í gbọ́ nípa ètò náà títí di ọjọ́ tí olórí orílẹ̀-èdè bá gbé e sókè níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ibi méjì péré ni mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ aráàlú ti ń wọnú ètò ní tòótọ́: ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí wọ́n ń to ìṣòro sílẹ̀, àti àtẹ tó wà lẹ́yìn ìwé, níbi tí òṣùwọ̀n àti owó wà. Èyí tó wà láàárín, ọ̀rọ̀ dídùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi méjèèjì yìí ni ìtọ́sọ́nà yìí dojú kọ, yálà ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣe é tàbí ẹ̀yin àti aládùúgbò mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ẹni tí bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kàn

Ọwọ́ tó ń kọ ètò yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ní Gánà, àjọ tí òfin ìpìlẹ̀ 1992 dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ni, NDPC. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ yàn ní 2010 ló kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìṣúná àti ètò ọrọ̀ ajé ni. Ẹ má dúró lórí orúkọ àjọ. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké máa ń wà: ti ìlera, ti omi, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ẹ̀kọ́. Èyí tí ọ̀rọ̀ yín kàn ni kí ẹ wá rí, kí ẹ sì béèrè ẹni tó jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Alága ló ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n akọ̀wé ló ń kó ìwé jọ, òun ló sì mọ èyí tó dé àti èyí tó sọnù. Tí ẹ bá ní láti yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì láti mọ̀, akọ̀wé ni kí ẹ mọ̀.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ wo ohun tí òfin sọ. Abala kẹwàá òfin ìpìlẹ̀ Kẹ́ńyà ti 2010 ka ìkópa aráàlú mọ́ àwọn ìlànà tí ìjọba gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Òfin 480 ti Gánà, tí wọ́n ṣe ní 1994, pàṣẹ pé kí àwọn aláṣẹ àgbègbè pe ìpàdé ìta gbangba lórí ètò ìdàgbàsókè àgbègbè wọn, kí wọ́n sì gbé èrò àwọn tó wá yẹ̀ wò. Ní Nàìjíríà, abala 14 òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí a rí i dájú pé aráàlú kópa nínú ìṣèjọba wọn. Abala 7 sì sọ ọ́ di ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ òfin ni pé lẹ́tà tó ń bẹ̀bẹ̀ àti lẹ́tà tó ń béèrè ẹ̀tọ́ kì í gba ìdáhùn kan náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá" rọrùn láti fi sí abẹ́ tábìlì. "Abala báyìí fún wa láyè; ọjọ́ wo ni ẹ ó gba àkọsílẹ̀ wa?" kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é ní Gúúsù Áfíríkà. Ní oṣù kẹfà 2011, ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ gbé ìwé kan jáde tó ń sọ ohun tó ń ṣe orílẹ̀-èdè: ìṣòro ńlá mẹ́sàn-án ni wọ́n kà sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ètò jáde. Ní oṣù kẹjọ 2012, ó di odindi. Ẹni tó fẹ́ kí ìṣòro rẹ̀ wà nínú mẹ́sàn-án yẹn ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú oṣù kẹfà 2011. Ẹni tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e lè rí àga jókòó, kó sì ya fọ́tò.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n "ń ṣe àyẹ̀wò ipò tí orílẹ̀-èdè wà," ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ jáde. Kì í dà bíi nǹkan ńlá. Kì í sí ìlù, kì í sí akọ̀ròyìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí kò bá sí nínú àyẹ̀wò kì í ní ojútùú nínú ètò.

Tí ẹ bá ti pẹ́ ńkọ́? Ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Wọ́n máa ń gé e sí ètò ọlọ́dún márùn-ún márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni Kẹ́ńyà ṣe ń ṣe Vision 2030, bẹ́ẹ̀ náà ni Nàìjíríà ṣe ní ètò 2021 sí 2025. Bí ọ̀kan bá ti ń parí lọ, wọ́n ti ń múra èyí tó kàn sílẹ̀, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Ẹ ka ọdún kan sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ti lọ́wọ́lọ́wọ́ yóò parí, kí ẹ fi àmì sí i lórí kàlẹ́ńdà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ìwé náà láti ẹ̀yìn

Ìwé ètò lè tó igba tàbí irinwó ojú ewé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ ìṣáájú mínísítà. Ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn, níbi tí àtẹ wà. Àtẹ tó dáa ní òpó márùn-ún: ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, ibi tí nǹkan wà báyìí, ibi tó yẹ kó dé àti ọdún tó yẹ kó débẹ̀, iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye owó. Ẹ fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òpó tó bá ṣófo ni ìròyìn gidi. Bí ibi tí nǹkan wà báyìí bá ṣófo, kò sẹ́ni tó lè sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé ìlọsíwájú wà tàbí kò sí. Bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n kọ sí ìlà kan, iṣẹ́ náà kò ní ẹni tó ni ín: ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa kì í ní olùtọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ omi, kó lè yé wa. Ká ní orí kan nínú ètò sọ pé ìjọba yóò mú kí omi tó mọ́ kárí gbogbo ilẹ̀. Ta ni yóò bá ìyẹn jà? Ṣùgbọ́n ẹ dé ẹ̀yìn ìwé, ẹ rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ kà ni "iye kànga ẹ̀rọ tí a gbẹ́." Ìyẹn nìkan. Kànga tí wọ́n gbẹ́ lónìí, tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ lóṣù kẹta, ti wọ inú ìṣirò. Èyí tí wọ́n gbẹ́ sínú ọgbà ẹnìkan, tí ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ti wọ inú ìṣirò. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ náà yóò ti ṣe ohun tí àtẹ ní kó ṣe, àwọn obìnrin yóò sì ṣì máa jí ní ìdájí lọ sódò.

Òṣùwọ̀n mìíràn wà tí àjọ WHO àti UNICEF ń lò káàkiri ayé: wọ́n ń béèrè bóyá omi náà ti ibi tó dára wá, àti bóyá lílọ, dídúró lórí ìlà àti bíbọ̀ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ń ka ohun tí ìjọba ṣe. Èkejì ń ka ohun tó dé ọwọ́ èèyàn. Iṣẹ́ aráàlú nínú ètò ìdàgbàsókè, lójú tèmi, kò ju kí ó máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan kúrò ní irú àkọ́kọ́ lọ sí irú kejì. Ẹ lè ṣe é fún ilé ìwé (iye yàrá tí a kọ́, tàbí iye ọmọ ọdún mẹ́wàá tó lè kàwé?), fún ìlera, fún ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó ẹ̀rí tiyín jọ

Ohun tí ìgbìmọ̀ kò ní ni kí ẹ fún wọn. Èrò wọn pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìṣirò láti ilẹ̀ ló wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ omi lẹ gbé wá, ẹ yan ilé mélòó kan ní adúgbò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àwọn tó sún mọ́ ojú títì nìkan. Ẹ bá ẹni tó ń pọnmi rìn, ẹ fi aago wo ìgbà tó jáde àti ìgbà tó padà, ẹ kọ déètì sílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tún un ṣe nígbà òjò, nítorí ìṣirò ìgbà òjò nìkan yóò tàn yín jẹ. Ẹ kọ bí ẹ ṣe yan àwọn ilé náà sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé ẹ ṣà á yàn.

Àwọn wo ni yóò jókòó? Ní ìpàdé tí a bá kàn pè, àwọn kan náà ló máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ pe àwọn obìnrin lọ́tọ̀, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, ẹ wá àwọn abirùn lọ sí ilé wọn, ẹ má gbàgbé ayálégbé àti darandaran, tí wọ́n sábà máa ń kà sí àlejò. Ìwé tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kọ rọrùn láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ tún béèrè ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì ní gbèdéke. Ní Nàìjíríà, òfin 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Kẹ́ńyà fi í sí ọjọ́ mọ́kànlélógún, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà fi í sí ọgbọ̀n ọjọ́. Ohun kan ni kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan béèrè. Lẹ́tà tó béèrè nǹkan mẹ́wàá ń fún wọn ní ìdí mẹ́wàá láti fà á sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ àkọsílẹ̀ ojú ewé méjì

Kó má ju méjì lọ. Ẹni tí yóò kà á ní ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ níwájú. Ẹ má fi ìtàn ìlú bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ìkíni gba ìdajì ojú ewé. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ ní ìlà kan, ẹ sọ ojú ewé àti ìlà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà, ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Wọ́n á ní "a fẹ́ kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ omi," wọ́n á sì fi iṣẹ́ kíkọ ọ́ lé ẹni tí kò lákòókò lọ́wọ́. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tó lè dà kọ tààrà. Báyìí:

"Nínú àtẹ omi, ìlà kẹta, a fẹ́ kí ẹ yọ 'iye kànga ẹ̀rọ tí a gbẹ́' kúrò, kí ẹ fi èyí síbẹ̀: 'iye ìdílé nínú ọgọ́rùn-ún tí lílọ, dídúró àti bíbọ̀ wọn nídìí omi kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, láti orísun tí omi ń jáde nínú rẹ̀ ní ọjọ́ àyẹ̀wò.' Kí àjọ tó ń kó ìṣirò jọ wọ̀n ọ́n lọ́dún yìí fún ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí iléeṣẹ́ omi nìkan jẹ́ ẹni tí a ó bi léèrè. Kí owó àtúnṣe wà lọ́dọọdún, lọ́tọ̀ sí owó gbígbẹ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìṣirò tí ẹ kó jọ síbẹ̀ ní àtẹ kékeré, ẹ buwọ́ lù ú, ó parí. Tí ẹ bá ní ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́, ìwé mẹ́ta ni, nítorí ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò gbà á.

Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà méjì, lórí ímeèlì àti lọ́wọ́, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí ẹ̀dà tó kù sí yín lọ́wọ́. Ní Gánà, òfin tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sọ pé kí wọ́n so ìròyìn ìpàdé àti àkọsílẹ̀ tí àwọn èèyàn mú wá mọ́ ètò àgbègbè náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́nu kò lè bá ètò lọ sí ìpele tó kàn. Ìwé lè bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ní ìpàdé ìta gbangba

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọn yóò fún yín, nígbà míì méjì. Ẹ yan ẹnìkan, kó sọ ìlà tí ẹ fẹ́ yí padà àti ìṣirò kan, kó jókòó. Kí ẹni kejì béèrè ìbéèrè kan péré: "Ìgbà wo la ó rí ìdáhùn lórí ohun tí ẹ gbà àti ohun tí ẹ kò gbà, àti ìdí rẹ̀?" Ẹ rí i pé orúkọ ẹgbẹ́ yín wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Àwọn ìpàdé kan wà tí ó jẹ́ pé ojú ayé ni wọ́n fi pè é. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n pín ìwé fún yín, ìwé náà sì ti di èyí tí wọ́n tẹ̀ lórí bébà dídán, àwọn olóṣèlú ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, kò sẹ́ni tó ń kọ ohunkóhun sílẹ̀. Àwọn kan á ní ká dìde, ká máa lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ sì fi ìwé sílẹ̀ tó sọ pé aago báyìí ni ẹ rí ẹ̀dà náà gbà. Ìwé yẹn yóò wúlò tí ọ̀rọ̀ bá dé ilé aṣòfin tàbí kóòtù, nígbà tí wọn yóò máa ka orúkọ yín mọ́ àwọn tí wọ́n "fi ọ̀rọ̀ lọ̀."

Bí fọ́ọ̀mù bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kún un pẹ̀lú. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan. Àmọ́ ẹ má fi rọ́pò ìwé.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí a kò tíì bí

Èyí kì í ṣe ìgbésẹ̀, ṣùgbọ́n ètò ọgbọ̀n ọdún kò pé láìsí i. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé lónìí kọ́ ló máa san gbèsè rẹ̀. Wales ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 2015: iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ro ti ìran tó ń bọ̀, wọ́n sì yan kọmíṣọ́nnà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ireland gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2016 wọ́n ṣẹ́ kèké mú aráàlú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún láti jókòó jíròrò lórí ọ̀rọ̀ bíi ojú ọjọ́ tó ń yí padà àti àwọn arúgbó tó ń pọ̀ sí i.

Èyí tó wù mí jù ni ti ìlú Yahaba ní Japan. Ní 2015, wọ́n ní kí àwọn aráàlú kan máa sọ̀rọ̀ bí ara wọn, kí àwọn mìíràn máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé ní 2060. Ìmọ̀ràn àwọn ará 2060 yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ṣe tán láti ru ẹrù lónìí ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yin náà lè ṣe é ní ìpàdé yín kí ẹ tó kọ àkọsílẹ̀. Ẹ ní kí ìdajì jókòó sápá kan, kí wọ́n má sọ "a fẹ́," kí wọ́n máa sọ "ẹ ò bá ti ṣe é fún wa."

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tẹ̀ lé owó

Wọ́n ti gba ìlà yín wọlé. Ó kù kí ó rí owó. Nàìjíríà ní ètò kan tí ó fẹ́ kí orílẹ̀-èdè náà wà lára ogún tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù láyé ní 2020. Ọdún náà dé, ó sì kọjá, a ò dé ibẹ̀. Ìwé ètò tí kò bá bọ́ sínú ètò ìṣúná ọdọọdún, àdúrà ni.

Lọ́dọọdún, nígbà tí àbá ìṣúná bá dé ilé aṣòfin, ẹ wá ìlà yín nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé tó ń bójú tó ẹ̀ka náà, kí ẹ fi ojú ewé ètò ìdàgbàsókè tí ìlà náà wà hàn wọ́n. Ibi tí owó bá ti sún mọ́ ìpàdé ni àwọn èèyàn ti ń wá sí ìpàdé. Ìdí nìyẹn tí ètò ìlú Porto Alegre ní Bràsíìlì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, níbi tí aráàlú ti ń jíròrò bí wọn yóò ṣe ná owó ìlú, fi gbajúmọ̀. Ìdí nìyẹn náà tí ìjọba Kerala ní Íńdíà, ní 1996, fi fa owó tó tó márùndínlógójì sí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún owó ètò ìdàgbàsókè lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, kí àwọn ará abúlé lè ní ohun gidi tí wọ́n ń jíròrò lé lórí.

Owó jáde, iṣẹ́ ńkọ́? Ní Rajasthan, ní Íńdíà kan náà, láti 1994, MKSS, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pe ará abúlé jọ, wọ́n á ka ìwé owó iṣẹ́ sókè níwájú gbogbo wọn: orúkọ ẹni báyìí, ọjọ́ báyìí, owó báyìí. Àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ á dìde, wọ́n á ní àwọn kò ṣiṣẹ́ náà rí, owó kankan ò sì kan àwọn lọ́wọ́. Kíkà yẹn wà lára ohun tó bí òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn tí Íńdíà ṣe ní 2005. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ tó kan àdúgbò yín, kí ẹ kà á sókè níbi tí àwọn tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni wà.

Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá aṣòfin yín, lẹ́yìn náà akọ̀ròyìn, kí ẹ tó dé kóòtù. Ní Kẹ́ńyà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé òfin ìṣúná 2023 ní oṣù keje 2024, àìfọ̀rọ̀ lọ aráàlú bó ṣe yẹ sì wà lára ìdí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ilé ẹjọ́ tó ga jù yí ìdájọ́ náà padà. Ọ̀nà jíjìn ni, ó gba owó, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò já sí. Ti lẹ́tà tí ẹ fi béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba rọrùn díẹ̀: ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá kọ̀ láti fún yín, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sí kóòtù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí oṣù kan kọjá lórí lẹ́tà tí wọn kò dáhùn.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, ìṣirò ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìdáhùn wọn. Kí fáìlì náà wà lọ́wọ́ ẹni méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ètò ọlọ́dún márùn-ún tó kàn yóò béèrè ibi tí nǹkan wà báyìí, ẹ̀yin ni ìdáhùn rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ yín.